Kí Ló Ń Dí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lọ́wọ́ Nínú Ilé Yín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe POS yìí. Inú kọ̀ntéénà onírin ló jókòó sí. Oníbàárà ti tẹ PIN rẹ̀, ẹ̀rọ kàn ń yí ṣáá, kò sọ pé owó wọlé, kò sọ pé kò wọlé. Obìnrin náà dìde, ó na ẹ̀rọ síta láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́, rìsíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ohun tó ṣe yẹn bọ́gbọ́n mu gan-an, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Síìmù wà nínú POS yẹn bíi ti fóònù. Ìgbì rédíò ló fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò sọ̀rọ̀. A kò lè fojú rí ìgbì yìí, àmọ́ láàárín 1886 sí 1888, Heinrich Hertz fi hàn ní Jámánì pé ó wà, pé ó sì ń rìn láìsí wáyà. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú 2.4 GHz (gigahertz, ìwọ̀n bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n tó) tí ẹ ń rí lórí Wi-Fi. Ìgbì náà ń sáré tó nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń la pákó kọjá, ó ń la gíláàsì lásán kọjá. Tó bá kan búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, apá kan agbára rẹ̀ á kú síbẹ̀. Tó bá wá kan irin, ṣe ló ń ta padà. Kọ̀ntéénà, ilẹ̀kùn onírin, páànù orí ilé, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní yàrá àárín fi ń pariwo "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò", tí ẹni tó dúró ní fàráńdà sì ń bá tirẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá iná kiri mọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn, fóònù yín kì í sinmi. Ó ń fi agbára kún ohùn rẹ̀ kí òpó lè gbọ́ ọ, bátìrì yín ló sì ń jẹ. Tó bá gbóná nínú àpò yín lójú ọ̀nà oko, tí ẹ ò sì fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ òpó ló ń wá kiri. Ẹ tẹ àmì bàálù yẹn títí ẹ ó fi dé ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Ẹ ṣí kámẹ́rà tí ẹ fi ń ya sẹ́lífì, ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, ẹ wá tẹ bọ́tìnì. Ẹ rí iná kékeré aláwọ̀ àlùkò tó ń ṣẹ́jú yẹn? Òun nìyẹn. Tí kò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó lọ ra rìmóòtù tuntun.

Ìgbì rédíò ni Wi-Fi ní tirẹ̀, 2.4 GHz tàbí 5 GHz. Nítòsí 2.4 yìí náà ni máíkírówéèfù fi ń gbé oúnjẹ gbóná. Kẹ́rù má bà yín: máíkírówéèfù lè lo wáàtì 800, Wi-Fi ilé kì í sábàá tó wáàtì kan. Ẹ wo gíláàsì ẹnu ọ̀nà máíkírówéèfù dáadáa, àwọ̀n irin oníhò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìgbì yẹn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, kò lè gba irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde. Ìwọ̀nba tó bá jò gba etí ilẹ̀kùn ló ń da Wi-Fi láàmú. Tí fídíò bá ń dúró nígbà tí ọbẹ̀ ń gbóná, ẹ bọ́ sórí 5 GHz. Àmọ́ 5 GHz kì í la ògiri tó 2.4, torí náà ẹ má jìnnà sí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi.

Ó ń dùn mí tí mo bá rí ráútà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn fíríìjì. Fíríìjì yẹn, irin ni! Ẹ gbé e sókè, sí àárín gbùngbùn ilé. Tó bá jẹ́ MiFi onísíìmù ni, ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ló ti yẹ kó wà, torí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà kó tó lè pín in fún yín.