Bí wọ́n ṣe fi omi dán tíọ́rì wò

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo yín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ nípa tíọ́rì ńláńlá nínú físíìsì, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé kò ṣeé dán wò, pé kò sẹ́rọ tó lè débẹ̀ láéláé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Lọ́dún 1974, Howard Georgi àti Sheldon Glashow ní Amẹ́ríkà gbé tíọ́rì kan jáde tó ń jẹ́ SU(5). Wọ́n ní agbára iná mànàmáná àti òòfà, agbára tó di àárín átọ́ọ̀mù mú, àti èyí tó ń jẹ́ kí àwọn átọ́ọ̀mù kan jẹrà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn látilẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti di ọ̀kan yẹn jìnnà gan-an o, torí LHC, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú kí àwọn nǹkan kéékèèké inú átọ́ọ̀mù sáré kọlu ara wọn, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láàárín Switzerland àti Faransé, tó jẹ́ kìlómítà 27 yípo, agbára (energy) tá a máa nílò ká tó débẹ̀ fi ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìlọ́po ju tiẹ̀ lọ.

Ṣé ọ̀rọ̀ wá parí síbẹ̀? Rárá. Tíọ́rì yẹn náà ló sọ pé proton, nǹkan kékeré kan ní àárín átọ́ọ̀mù, tó wà nínú gbogbo nǹkan tá a lè fọwọ́ kàn, máa jẹrà lọ́jọ́ kan, ìyẹn ni pé ó máa fọ́, tó bá ti tó nǹkan bí ọdún tí wọ́n kọ 1 tí òdo 31 tẹ̀ lé e ní ìpíndọ́gba, àwọn kan á yá, àwọn kan á pẹ́. Àgbáálá ayé fúnra ẹ̀ ò tíì pé bílíọ̀nù 14 ọdún, ta ló máa wá jókòó ti proton kan? Ṣùgbọ́n omi tọ́ọ̀nù 3,000, proton inú ẹ̀ tó 1 pẹ̀lú òdo 33, torí náà tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ó yẹ kí bí ọgọ́rùn-ún jẹrà láàárín ọdún kan péré. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù.

Bí wọ́n ṣe gbé táńkì omi wọnú ibi ìwakùsà ní Kamioka ní Japan nìyẹn, lọ́dún 1983, ẹgbẹ̀rún mítà sísàlẹ̀, kí ìtànṣán tó ń wá látojú ọ̀run má bàa da nǹkan rú. Omi yẹn mọ́ gaara, wọ́n wá to ojú ẹ̀rọ sára ògiri ẹ̀ yí ká, kó máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa yọ bí òrùka tí proton bá fọ́. Àwọn míì náà ṣe irú ẹ̀ ní ibi ìwa iyọ̀ ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣọ́ ọ títí, proton kankan ò fọ́, bí SU(5) ṣe wọlẹ̀ nìyẹn, ó sì wọlẹ̀ tiyìtiyì lójú tèmi, torí ó sọ nọ́ńbà tiẹ̀ síta. Omi Kamioka yẹn náà ló gbá neutrino, nǹkan kékeré tó ń gba inú nǹkan kọjá láìfi bẹ́ẹ̀ kàn án, mú ní February 1987 nígbà tí ìràwọ̀ kan bú gbàmù, tí Masatoshi Koshiba, olórí àwọn tó ṣe iṣẹ́ Kamioka, fi gba Nobel ní 2002.

Torí náà tí wọ́n bá ń bá string theory jà, ìyẹn tíọ́rì tó sọ pé okùn tín-ín-tìn-ìn-tín ni gbogbo nǹkan látilẹ̀, pé kò ṣeé dán wò, kì í ṣe bí agbára ẹ̀ ṣe jìnnà tó ló ń dùn mí, SU(5) náà jìnnà. Ohun tí mò ń bèèrè ni nọ́ńbà: kí lẹ sọ pé a máa rí, tó jẹ́ pé tá a ò bá rí i, ẹ máa gbà pé ó ti tán? Títí di báyìí mi ò tíì rí èyí tó dá mi lójú.

Super-Kamiokande, táńkì ńlá tó tẹ̀ lé ti Kamioka yẹn, tó gba omi tọ́ọ̀nù 50,000, ti ń ṣọ́ omi tiẹ̀ láti 1996, kò tíì rí proton kan tó jẹrà. Wọ́n ti ń kọ́ Hyper-Kamiokande báyìí, ó máa ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ, àwọn tíọ́rì tó kù tó fi nọ́ńbà sílẹ̀ ló sì ń bọ̀ wá dán wò.