Bẹ́ljíọ̀m ní 1831: ìlú wà, ọba ni ò sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀ o. Ti 1830, bí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ṣe lé ìjọba Họ́láńdì tó ń ṣàkóso wọn kúrò ní Brussels, olú ìlú wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò padà síbẹ̀. 1831 ló dùn!

Ẹ wò ó, ìlú ti wà, ní oṣù kejì wọ́n ti kọ òfin ìlú tán, ọba ni ò sí. Ọba ni wọ́n sì fẹ́ o, àmọ́ ọba tí òfin so lọ́wọ́, tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe kábíyèsí tiwa yìí. Nílé wa àwọn ọmọ oyè ló máa ń pọ̀ jù, wọ́n á máa bára wọn jà, àwọn afọbajẹ ò ní rójú sùn. Bẹ́ljíọ̀m ò ní ọmọ oyè kankan, òkèèrè ni wọ́n ti ń wá ọba bí ẹni ń wá dírẹ́bà!

February 3, wọ́n yan Duke of Nemours, ọmọ ọdún 16, ọmọ ọba Faransé, pé kó wá jọba. Baba ẹ̀ ní rárá, torí Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà kí Faransé fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Wọ́n fi adelé síbẹ̀ ná. Ìgbà tó di June 4 ni wọ́n mú Leopold, ará Jámánì, àbúrò ìyá Victoria tó padà wá di ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gíríìsì ti fi oyè lọ̀ ọ́ rí, ó kọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Leopold Kejì, tó sọ Congo di tiẹ̀, kọ́ nìyí! Ọmọ ẹ̀ nìyẹn, wọn ò tíì bí i.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti máa ń ṣì í rèé. July 21 tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ní Bẹ́ljíọ̀m lọ́dọọdún, KÌ Í ṢE ọjọ́ òmìnira. October 4, 1830 ni wọ́n kéde òmìnira. July 21, 1831 ni Leopold búra pé òun á pa òfin ìlú mọ́. Ọjọ́ ÌBÚRA ni. Mo tún un sọ, ÌBÚRA! Òfin ti wà nílẹ̀ kí ọba tó dé, òun ló wá bá a.

Ọjọ́ méjìlá péré lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọmọ ogun Họ́láńdì ya wọlé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlú tán, àwọn ọmọ ogun Faransé ló wá gba Bẹ́ljíọ̀m sílẹ̀. Ẹ sì rántí ọmọ ọdún 16 tí wọ́n kọ́kọ́ yàn yẹn? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Louise, ni Leopold gbé níyàwó ní 1832.