Lẹ́yìn Aago Méjì, Ta Ni Ọmọ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Bí A Ṣe Ń Darí Òṣìṣẹ́ Ètò Ìrọ̀lẹ́ Nílé Ìwé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwé, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń wo fídíò yìí láti Àbújá, Minna, Kaduna, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà ní Òkè Ọya.

Ìbéèrè kan la ó fi bẹ̀rẹ̀. Agogo ìparí ẹ̀kọ́ lù ní aago méjì. Ètò ìrọ̀lẹ́, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní after-school tàbí lesson, bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ta ni ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ bi olùkọ́ kíláàsì, á ní òun ti fà wọ́n lé àwọn àǹtí ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bi àǹtí ìrọ̀lẹ́, á ní òun ò tíì gbà wọ́n. Àárín àwọn méjèèjì yìí lọmọ ti ń sọnù, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣèṣe.

Ní Àbújá, ètò yìí kọjá ohun tí ẹnì kan lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń parí iṣẹ́ ní aago mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ Sẹkitéríàtì ni ìyá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, tí ilé ìwé ọmọ sì wà ní Kubwa tàbí Lugbe, aago márùn-ún á ti kọjá dáadáa kó tó dé géètì. Bí kò bá sí ẹni tó máa di ọmọ náà mú fún un, ìyá yẹn ò lè ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, báwo la ṣe ń rí òṣìṣẹ́ fún un? A máa ń pe olùkọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀, a ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró díẹ̀.” A ó fún un ní owó táṣẹ́rẹ́ kan, a ó sọ ọ́ ní owó mọ́tò. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ sílé, àwa sì kó ọgbọ̀n ọmọ tó ń sáré kiri fún un. Mo gbà pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kó ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, olùdarí tirẹ̀, àti owó oṣù tirẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Bó bá sì pọn dandan kí olùkọ́ àárọ̀ ṣe é, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan kó tó gba àwọn ọmọ, kí ó má sì ṣe é lójoojúmọ́.

Bí ọmọ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ló kàn. Ẹ wo ìwé tó wà lójú fídíò yìí. Ìlà mẹ́rin péré ló ní: iye ọmọ tí olùkọ́ fi sílẹ̀, orúkọ olùkọ́ náà, iye ọmọ tí àǹtí ìrọ̀lẹ́ gbà, orúkọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fọwọ́ sí i lójú ara wọn. Bí ọmọ méjìdínlógún bá jáde ní kíláàsì, tí mẹ́tàdínlógún sì dé gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó títí wọ́n á fi rí ẹnì kan tó kù. Wọ́n á tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá kúrò lórí pápá, torí orí pápá lọmọ ti ń yọ́ lọ jù.

Ọmọ mélòó ni ká fún ẹnì kan? Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé olùkọ́ kan sí ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú kíláàsì nìyẹn, níbi tí gbogbo wọn ti jókòó tí ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ra. Nírọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún mọ́kànlá jọ wà lórí pápá kan náà. Bó bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lọ́wọ́ àǹtí kan, mi ò rò pé ojú rẹ̀ lè ká wọn.

Ẹ jẹ́ ká dé géètì. Yorùbá ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ ní géètì, ẹnì kan péré ló gbọ́dọ̀ máa fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́, ẹni tó mọ̀ pé òun la máa bi bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kí orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán wọn. Bí dírẹ́bà kan bá dé, tó ní bàbá ọmọ ló rán òun, tí orúkọ rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ náà pe nọ́ńbà tí ilé ìwé ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kó má pe nọ́ńbà tí dírẹ́bà bá kà fún un.

Iṣẹ́ ọ̀gá sì wà níbẹ̀. Òbí náà lè bínú, ó lè pariwo lórí fóònù pé ìwọ̀sí ni. Bí ọ̀gá bá yí padà bá òṣìṣẹ́ yẹn wí lójú òbí, kò tún ní dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́ láéláé. Ẹ dúró tì í. Ẹ sọ fún òbí pé ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí àwọn òbí tó máa ń pẹ́ dé, torí ọ̀rọ̀ yìí ló ń lé òṣìṣẹ́ dáadáa lọ. Púpọ̀ nínú àwọn àǹtí wọ̀nyí ò rí owó ilé san láàárín ìlú. Mararaba ni wọ́n ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, tàbí kó kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gba Nyanya kọjá nírọ̀lẹ́ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀. Ìdajì wákàtí tí òbí fi pẹ́ lè di wákàtí kan àbọ̀ lọ́nà fún òṣìṣẹ́, òun náà sì lọ́mọ tó ń retí rẹ̀. Àwọn ilé ìwé kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òbí tó bá pẹ́, àpò ilé ìwé ni wọ́n sì ń jù ú sí. Kò tọ́. Ẹni tó dúró ti ọmọ ló ni owó yẹn, kó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ kí oṣù tó parí. Ẹ ṣètò ẹni méjì tí yóò dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi lọ, kí ẹnì kan ṣoṣo má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú ilé ìwé tó ti dá páropáro. Kí àwọn méjì yẹn yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ fúnra yín pe àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, kí ẹ sì bi wọ́n tààrà: ṣé ẹ lè fi ọmọ tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni yìí? Láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àkójọ orúkọ àwọn tó fi ìbálòpọ̀ ṣẹ̀ ti wà lọ́wọ́ NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá máa kọ́ ọmọ níwèé, ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgùnbánirọ̀ wúlò púpọ̀ fún eré ìdárayá àti kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn rántí pé ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ ti CDS, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, àti pé ọdún kan ni wọ́n ń lò. Ẹ má fi àgùnbánirọ̀ ṣe òpómúléró ètò.

Nípa àkókò iṣẹ́, ìrun Alásàrí máa ń bọ́ sí àárín ètò náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé lágbájá á lọ kírun, làkásègbè á gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń tètè jáde nítorí Jímọ́ọ̀, ètò ìrọ̀lẹ́ á sì gùn sí i, ẹ fi ènìyàn kún un. Nígbà ààwẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń gbààwẹ̀ léèrè ohun tó rọrùn fún wọn, kí wọ́n sì délé ṣáájú ìṣínu.

Ètò tí a ń pe àwọn òbí sí nílé ìwé lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tó bá wá, ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹni tó gbọ́ Hausa wà níbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá náà wà, torí ìyá àgbà ló ń tọ́jú ọmọ nílé púpọ̀, gẹ̀ẹ́sì wa ò sì yé wọn. Bí ìyá àgbà bá jókòó wákàtí méjì láìgbọ́ nǹkan kan, kò ní wá mọ́.

Ó ku ìwé. Fún alásè, agbálẹ̀, máígàdì àti irú wọn, òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún wọn kó tó pé oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ló tọ́ sí i. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ, ẹ gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp àwọn òbí, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí lọ́jọ́ náà gan-an pé kò sí lára àwọn tó lè mú ọmọ jáde ní géètì mọ́.