Bí Ọmọ Èkìtì Ṣe Lè Ṣe Ráàpù, Kí Iṣẹ́ Rẹ̀ sì Jẹ́ Tirẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe ráàpù la gbé wá lónìí. Àwọn tó wà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìjerò, tí wọn ò lẹ́nìkan tó máa tì wọ́n lẹ́yìn, tówó ò sí lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ fi orin jẹun láìsí lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì kankan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń náwó lé olórin lórí, tó sì ń gbé orin rẹ̀ jáde. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyà ló ń sọ èèyàn di olórin gidi. Mi ò fara mọ́ ọn. Àwọn tí ìyà ń jẹ nílẹ̀ yìí pọ̀ ju olórin lọ fíìfíì. Ohun tí mo mọ̀ pé ìyà máa ń ṣe fún olórin ni pé ó máa ń mú kó fọwọ́ síwèé nígbà tí ebi ń pa á. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, tí ẹnì kan wá na owó sí i pé kó bu ọwọ́ lu àdéhùn, kò ní ka ojú ìwé kejì. Nítorí náà, bá a bá ń sọ bí èèyàn ṣe ń ti inú ìṣòro bọ́ sídìí iṣẹ́ orin, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́ náà là ń sọ.

Bó ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, nílé kan tó wà ní 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, nílùú New York, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ń wá owó tó máa fi ra aṣọ tuntun tó máa wọ̀ lọ sílé ìwé. Ó háyà yàrá ìgbafẹ́ tó wà nínú ilé náà, ó ṣètò òde, ó kọ ọ́ sórí káàdì pé kí obìnrin san sẹ́ǹtì 25, kí ọkùnrin san sẹ́ǹtì 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Clive, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí ayé wá mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló gbé àwo sí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n bí hip-hop, àṣà tí ráàpù ti jáde wá. Agbègbè àwọn tálákà ni Bronx nígbà náà. Àmọ́ ohun tó máa ń wù mí jù nínú ìtàn yìí ni owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ yẹn ló ṣètò òde, àwọn ló gbowó, àwọn ló kó o lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu bí ọ̀wààrà òjò kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ìrè tí wọ́n ní kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀, Èkìtì níbí ló wà, a sì mọ bí àwọn oníìjálá ti ń ṣe. Àwọn ìyá wa tó ń kọ alámọ̀ ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó máa to ọ̀rọ̀. Nígbà tí Lord of Ajasa fi Yorùbá ṣe ráàpù, tí DaGrin sì gbé àwo C.E.O. jáde lọ́dún 2009, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé àfi Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn wá pé ìjàǹbá ọkọ̀ mú DaGrin lọ lóṣù Kẹrin ọdún 2010. Olamide, olórin ráàpù ọmọ Bàrígà, dá lébẹ́ẹ̀lì YBNL tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ẹ tún wo Falz, olórin ráàpù tí bàbá rẹ̀, lọ́yà Fẹ́mi Fálànà, jẹ́ ọmọ Ìlawẹ̀ wa níbí. Kì í ṣe ọmọ òtòṣì, mi ò sì ní pè é bẹ́ẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó kàwé òfin, ó gba ìwé àṣẹ lọ́yà, ó sì ń gbé orin jáde lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì Bahd Guys, tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òfin yẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Ní Èkìtì, ìṣòro àkọ́kọ́ tí olórin máa ń bá pàdé, inú ilé ló wà. Ilẹ̀ ọmọ̀wé nilẹ̀ wa. Bàbá tó ta kòkó, tó fi oko dógò kọ́mọ lè wọ yunifásítì, tó wá gbọ́ pé ráàpù lọmọ fẹ́ ṣe, inú rẹ̀ ò lè dùn, ẹ má sì rí i bí ọ̀tá. Ìbẹ̀rù ló ń bá a jà. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní bàbá tó máa bínú: òbí ti kú, ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́ àbúrò, ilé ìwé ti dúró lágbede méjì. Bẹ́ ẹ bá wà nípò yìí, ẹ má bá àwọn àgbàlagbà yín jiyàn lórí àlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín lẹ́nu iṣẹ́ kan.

Iṣẹ́ yẹn gan-an lohun tí olórin tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ nílò. Máìkì ò yá. Ọ̀kadà ni o, télọ̀ ni o, bíríkìlà ni o, kẹ́ ẹ jókòó ti POS ni o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lẹ́bùn máa ń tijú iṣẹ́ báyìí, wọ́n á ní kí olólùfẹ́ àwọn má lọ rí àwọn lórí ọ̀kadà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tijú. Owó tẹ́ ẹ rí láti Ìjìgbò sí Baṣìrì máa san owó bíìtì, ìyẹn ìlù tẹ́ ẹ máa ráàpù lé lórí, á ra dátà, kò sì ní gba ẹyọ orin kan lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ti jẹun lè sọ fún ọ̀gá ńlá pé òun máa ronú sí i. Gbogbo agbára tẹ́ ẹ ní nídìí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá. Páànù ló wà lókè, torí náà bí òjò bá ti ń rọ̀, kò sí pé à ń gbohùn sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa ké títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Ìdájí ló dáa jù, kí àkùkọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aṣọ kọ́ síwájú yín, aṣọ tó nípọn, ẹ̀wù òtútù, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọjú sí i, kẹ́ ẹ gbé máìkì sáàárín. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì tìmùtìmù dúró sẹ́yìn yín. Ohùn tó ń ta padà láti ara ògiri ló ń jẹ́ kí orin dún bí ìgbà téèyàn wà nínú kànga, aṣọ ló sì ń mu ún. Ẹ tẹ wáyà róbótó, kẹ́ ẹ na ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí obìnrin ń wọ̀ sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi síwájú máìkì. Òun ló máa gba afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde lẹ́nu bẹ́ ẹ bá pe "b" tàbí "p". BandLab, áàpù tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ò gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìwọ̀n ohùn kan pupa, torí ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń gbà á sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe dáadáa mọ́.

Ẹsẹ̀ tó ní báà 16 (báà kan jẹ́ ìwọ̀n ìlù mẹ́rin), lórí bíìtì tó ń lù nígbà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 43 lọ. Kò pọ̀ rárá. Ẹ ò ní lè kó gbogbo ìyà ayé yín síbẹ̀, kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀. "Mo jìyà gan-an, ayé le, Ọlọ́run ló gbà mí," ta ni ò tíì gbọ́ ìyẹn rí? Ẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ èyí, èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ:

Òjò ń rọ̀ l'Ọ́jà Ọba, màmá mi ò palẹ̀ ọjà,
Ó fi ọ̀rá bo gàrí, aṣọ rin gbingbin lára rẹ̀, kò yà,
Owó ìdánwò mi ló so mọ́ ìró bí ẹni ń lọ jà,
Títí dòní, bí òjò bá ṣú, ẹsẹ̀ mi ń wá ọ̀nà ọjà.

A ò pe orúkọ ìyà níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ lẹ sì rí i. Ẹ tún wo bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe parí: fáwẹ̀lì kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni. Ráàpù Yorùbá kì í dún tán bí ìlà kan bá balẹ̀ sórí ohùn òkè, tí èkejì balẹ̀ sórí ìsàlẹ̀, kódà bí fáwẹ̀lì bá bára mu. Etí wa ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi Èkìtì gan-an ṣe é, bí ìyá àgbà yín ṣe ń sọ ọ́ nílé, ẹ ṣe é láìbẹ̀rù. Ohùn tí kò sí níbòmíì lẹ gbé dání yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Nàìjíríà ní òfin kan tó ń jẹ́ Copyright Act ti ọdún 2022. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ̀tọ́ yín lórí orin bẹ̀rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti gbohùn rẹ̀ sílẹ̀; kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin wà títí olórin á fi kú, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìyẹn fún àwọn àrólé rẹ̀. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní másítà, jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o, ẹ lè ní ọ̀kan kẹ́ ẹ má ní èkejì. Kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀tọ́ yìí pátápátá láìsí ìwé. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ń mú bírò wá pẹ̀lú oúnjẹ.

Bíìtì ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíì náà lè háyà rẹ̀, ó sì lè ní iye ìgbà tí wọ́n lè gbọ́ ọ mọ. Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ sanwó fún. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló ṣe é, ẹ jókòó lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ kọ iye tó kan oníkálukú sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí owó tó dé. Bówó bá ti dé tán, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi DistroKid àti TuneCore ló ń bá èèyàn gbé orin lọ sí Spotify, Boomplay àti àwọn ibi yòókù táwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì; Audiomack ní tiẹ̀ gbà kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́. Orin kọ̀ọ̀kan máa ń ní àmì kan, ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, òun la fi ń dá a mọ̀ káàkiri ayé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ibi tí mo ti ń rí i pé àwọn ọmọ wa ń ṣàṣìṣe jù nìyí: wọ́n á ní kí ọ̀rẹ́ tó ní sítúdíò bá àwọn ṣí àkáǹtì, á fi ímeèlì tiẹ̀ ṣí i, á fi nọ́ńbà báǹkì tiẹ̀ sí i. Nígbà tí ìjà bá dé, orin wà níta, orúkọ yín wà lára rẹ̀, ẹ ò sì lè fọwọ́ kàn án. Ímeèlì yín, páásíwọ́ọ̀dù yín, báǹkì yín. Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó jókòó tì yín, kó máa júwe, kẹ́ ẹ̀yin máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má retí owó ńlá níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Spotify kì í ka ìgbọ́ tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30 mọ́ iye, láti ọdún 2024 sì ni wọn kì í sanwó fún orin tí wọn ò gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Òde ni mo rò pé owó ti máa ń kọ́kọ́ jáde fún olórin wa: ọgbà yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ àti ní ọ̀nà Ìwòrókò, ìgbéyàwó, àsìkò ọdún Ùdìròkò ní Adó. Lọ́dún 2013, Nipsey Hussle, olórin ráàpù kan ní Los Angeles, tẹ ẹ̀dà 1,000 àwo rẹ̀, Crenshaw, ó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100 dọ́là, bẹ́ẹ̀ orin kan náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rà á tán. Àwọn tó fẹ́ràn yín dénú ò ní kọ̀ láti sanwó fún yín lójúkojú, pàápàá àwọn ará àdúgbò tó mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá wá dé lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Ẹ wo ọdún mélòó, ẹ wo ta ló ni másítà bí ọdún náà bá pé, ẹ wo ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà jáde. Owó tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó fún yín, gbèsè ni, inú ìpín yín ni wọ́n ti máa yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rí kọ́bọ̀. Owó fídíò lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tí kò bá wọn tan, kẹ́ ẹ sanwó fún un kó kà á fún yín ní Yorùbá, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Bí ẹni tó gbé e wá bá sì ní àfi lónìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.