Etí Lórí Àjẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. London ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì kúrò ní Abẹ́òkúta.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àìmọye ìgbà ni mo gba orí afárá Láfẹ̀ńwá kọjá, síbẹ̀ n kò sọ̀kalẹ̀ sínú odò Ògùn rí. Ta ló máa gbà fún ọmọdé? Yemọja ló ni odò. Lásìkò òjò, tí wọ́n bá tún ṣí omi Dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, omi lè wọlé onílé. Nígbà tí mo wá sọ fún àǹtí mi ní Ìtòkú pé mo fẹ́ bá apẹja kan sun ojú omi mọ́jú, ó ká àdìrẹ tó ń tẹ́ kúrò nílẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí?"

Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, omi ti fà, àwọn àpáta ti yọ ẹ̀yìn síta. Níbi tó jìn, Bàbá apẹja á fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Níbi tí kò jìn, á fi ọ̀pá tì í. Kí oòrùn tó wọ̀, mo rí ẹyẹ kékeré kan, dúdú òun funfun, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ó dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń wo omi. Lójijì, ó já wọ odò bí òkò. Ó gbé ẹja jáde, ó bà sórí ẹ̀ka, ó ń fi ẹja náà na igi, pò, pò, kó tó gbé e mì.

Àdán kọjá lórí wa. Ilẹ̀ ṣú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, Bàbá ní, "Pa á, ọmọ mi." Bí mo ṣe pa á ni tanátaná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn létí igbó.

Mo ní, "Bàbá, odò yìí mà dákẹ́ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ki àjẹ̀ bọ omi, wọ́n ní kí n gbé etí lé igi rẹ̀. Háà! Ariwo wà nísàlẹ̀ níbẹ̀! Kíìn, kíìn, bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ìró ń yára nínú omi tó ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń yára nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tó bá dé ojú omi, ibẹ̀ ló ń dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Igi àjẹ̀ yẹn ló bá mi gbé e jáde.

Bàbá ní, "Omi kì í kún kó bo ẹja lójú. Ṣé ẹnu ni yóò wá bò?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fa àwọ̀n, wọ́n yọ ẹja onírùngbọ̀n kan, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó na ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan, ó sì ké. Ìdí ẹ̀gún yẹn ló ń fi ha egungun tó dì í mú. Mo mọ ìgbọ̀n rẹ̀ lára títí dé ọrùn ọwọ́ mi. Igbe tí mo gbọ́ lóru náà ni.

Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí Bàbá tó jù ú sínú agbọ̀n. Kò pẹ́ rárá. Màá dákẹ́ báyìí, ẹ gbọ́ ọ.