Ogun ti parí, ara ò tíì gbọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà tó lọ jà ní Borno tí wọ́n padà wá sílé ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí la fẹ́ sọ. Ẹ fojú inú wò ó: Disẹ́ńbà ni, ọmọ kan yìn báńgà ní Sábó, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú bàbá kan tó ti ojú ogun dé ti dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì tó rà lọ́wọ́, àwọn èèyàn wá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Lójú ogun, ẹni tí ò bá tètè dojú bolẹ̀ tó bá gbọ́ irú ìró yẹn lè má padà wálé, ara ẹ̀ ti wá kọ́ ọ mọ́ra débi pé kì í dúró ronú mọ́ kó tó ṣe é. Òun ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là lọ́hùn-ún. Kò wá sẹ́ni tó bá ara sọ pé ogun tiẹ̀ ti tán.

Àwọn dókítà ń pè é ní PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìpayà ńlá bí ogun máa ń dá sílẹ̀, ọdún 1980 ni orúkọ yẹn wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun Vietnam. Àmọ́ àwọn bàbá wa tó jà ní Bọ́mà ńkọ́, àtàwọn tó ja ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, ta ló bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn?

Oorun gan-an lẹ máa kọ́kọ́ fi mọ̀. Ẹni tó ń ṣe á jí lóru lọ yẹ ilẹ̀kùn wò, á padà, á tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá dé búkà ibi tí ògiri wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó ti bínú. Ìyàwó á ní ẹlòmíì ló padà wá bá òun, àwọn ẹbí á ní wọ́n ti ṣe é, tàbí pé igbó ló ń fà, bẹ́ẹ̀ àwọn míì tó ń mu ún, oorun ni wọ́n ń wá.

Tó bá ń sùn, ẹ má fọwọ́ kàn án láti jí i o, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀. Ẹ má bi í pé èèyàn mélòó lo pa. Tó bá ti lé lóṣù kan tí ò rọlẹ̀, ẹ bá a lọ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ sísọ àti oògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, kò dà bí èyí táwọn kan ń sọ pé ṣé Àrò lẹ fẹ́ gbé e lọ ni. Ẹ bá a lọ o, ẹ má kàn rán an lọ.

Tí Disẹ́ńbà bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ bẹ àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n lọ yìn báńgà wọn lọ́nà jíjìn.