Padà sí Àárín: Ọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ fún Ọmọbìnrin Tó Ń Gbá Badminton

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́, ní Ondó, ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìdànrè. Ẹ kú ojúmọ́ àánú. Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ọmọbìnrin tó ń gbé rákẹ́ẹ̀tì sínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀, àti fún ìyá tàbí bàbá tó ṣì ń rò ó bóyá kí òun jẹ́ kó máa lọ.

Kíkà: Aísáyà 30:15. Wòlíì náà sọ fún wa pé inú pípadà àti ìsinmi ni ìgbàlà wà, pé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni agbára wà. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú: pípadà.

Ẹni tó bá ń gbá badminton lóun nìkan ní ilẹ̀ tó ń ṣọ́: mítà 6.70 láti nẹ́ẹ̀tì dé ìlà ẹ̀yìn, mítà 5.18 láti ọ̀tún dé òsì. Igun mẹ́rin ni alátakò lè ju shuttle (ohun oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń lù bíi bọ́ọ̀lù) sí. Kò sí ẹni tó lè dúró sí igun kan kó tún ṣọ́ igun mẹ́ta yòókù. Nítorí náà, bó bá ti lù ú tán, kó padà sí àárín. Bó lù ú dáadáa, kó padà. Bó lù ú búburú, kó yára padà. Èyí tó dúró tó ń wo ẹwà ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, kó tó mọ̀, shuttle ti balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń padà? Nígbà tí alátakò bá fẹ́ lu shuttle, fò fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fẹ̀ tó èjìká, kí gìgísẹ̀ má fi gbogbo ìwúwo kanlẹ̀. Fífò kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ara lè ṣí lọ sí ibikíbi. Bí o bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ tó wà ní ìhà ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì ni yóò gùn jù, gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ibi tí shuttle wà, orúnkún tẹ̀lé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Orúnkún tó bá tẹ̀ wọ inú ni iṣan rẹ̀ máa ń já, àwọn ọmọbìnrin ni èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ yẹn kan náà ti ilẹ̀, kó tì ọ́ padà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn lò ń lọ, má fi ẹ̀yìn rìn. Yí ìbàdí, kí ẹsẹ̀ kan máa lé èkejì. Àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn ló ń fi orí lulẹ̀.

Ẹ ṣe é láìsí shuttle rárá. Ibi mẹ́fà ni kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa padà sí àárín: iwájú méjì, ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ̀yìn méjì. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ìṣiṣẹ́, 40 ìsinmi, ìgbà mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kì í dùn, ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo Mariam Eniola Bolaji. Ó ní àìlera ẹsẹ̀, ó ń kópa nínú SL3, ìsọ̀rí àwọn aláìlera ẹsẹ̀ tó ń dúró gbá a, níbi tí wọ́n ti ń lo ìdajì pápá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláìlera, ti Paris lọ́dún 2024, wọ́n lù ú ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹni tí wọ́n lù níbẹ̀ kì í gba wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbàgbé òru yẹn kíákíá. Ṣùgbọ́n ìfigagbága fún ipò kẹta ń bọ̀. Ó padà sí àárín, ó lu Oksana Kozyna ti Ukraine 21-9, 21-9, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba àmì-ẹ̀yẹ badminton ní Paralympics. Ọmọ Nàìjíríà ni, ọmọbìnrin ni. Kí ẹ rántí Dorcas Adesokan pẹ̀lú, tó gbé rákẹ́ẹ̀tì wa dé Olympics ti Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe eré yìí bí iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un. Àpéjọ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ni ìlẹ̀kùn tó súnmọ́ jù: wọ́n ń yan aṣojú ìpínlẹ̀, àwọn kóòṣì orílẹ̀-èdè sì ń wò. Lẹ́yìn ibẹ̀, ipò àgbáyé ni. Èsì ọ̀sẹ̀ 52 tó kọjá ni wọ́n ń kà, wọ́n a sì mú mẹ́wàá tó dára jù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò rìnrìn-àjò lọ sí ìdíje kò ní àmì kankan. Owó ọkọ̀ òfúrufú, owó ìforúkọsílẹ̀ àti físà ló ń dá ọmọ dúró ju alátakò lọ. Nítorí náà, ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìwé ìbí mu lẹ́tà dé lẹ́tà. Ìdíje àgbáyé ń wá sí Èkó pẹ̀lú, ní gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas ní Sùúrùlérè. Ìrìn ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé ibẹ̀ kò nílò físà.

Ní ti irinṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Rákẹ́ẹ̀tì tuntun tí okùn rẹ̀ le gan-an kò bá ọmọ tó ń kọ́ mu. Kí wọ́n fi ìwọ̀n pọ́n-ùn 20 sí 22 fa okùn náà le, ó tó. Bó bá ti le ju bẹ́ẹ̀, ojú ibi tó ń dáhùn á kéré, ìgúnpá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Di rákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni ń bọ àgbà lọ́wọ́, fẹ́ẹ́rẹ́, kí o tó fún un nígbà tó bá kan shuttle. Ẹni tó fún un pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní agbára kankan tó kù. Shuttle tó dára ní ìyẹ́ 16, ó wọn gíráàmù 4.74 sí 5.50. Láti mọ̀ bóyá èyí tí ẹ rà yára bó ṣe yẹ, ẹ dúró sí ìlà ẹ̀yìn, ẹ fi gbogbo agbára lù ú láti ìsàlẹ̀ sókè: ó gbọ́dọ̀ balẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 53 sí 99 kó tó dé ìlà ẹ̀yìn kejì.

Bí ọyẹ́ bá ti dé ní Àkúrẹ́, ìyẹ́ á gbẹ, á máa já ní lílù méjì mẹ́ta, owó ìyá á sì máa lọ. Ẹ fi ìnùwọ́ tó tutù díẹ̀ sí ẹnu àpò shuttle mọ́jú, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ooru omi tó ń hó nínú kẹ́tùlù kọjá nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó á wúwo. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Ondó kò ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń gbá a ní ìta. Afẹ́fẹ́ máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: shuttle tí ọmọ lù burúkú, afẹ́fẹ́ á gbé e wọlé. Ẹ lọ ní agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó jí.

Iyán wa dára, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ ìdíje. Kí oúnjẹ tó kún jáde nínú ikùn, ó gba wákàtí mẹ́ta. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹja díẹ̀ dára, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nígbà tó bá ku wákàtí kan. Ọmọbìnrin tó ń rí nǹkan oṣù nílò ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran, torí ẹ̀jẹ̀ tó kéré ló ń mú kó rẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìdíje bá wọ ìpele kẹta, tí wọ́n á sì máa pè é ní ọ̀lẹ.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yí, ẹ má fi rọ́bù gbígbóná ra á lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fà á. Ẹ fi yìnyín tí a fi aṣọ wé sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ọ̀hún rìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbo náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò fún òògùn tí a kà léèwọ̀, ẹni tó ń ṣe ìdíje ló máa jíhìn gbogbo ohun tó wọ inú ara rẹ̀, ì báà jẹ́ òògùn ọ̀fìnkìn tàbí ohun tí wọ́n bù nínú ìgò tí kò ní orúkọ. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó mu ún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ kóòṣì ọmọ yín. Ẹ mọ ibi tó ń sùn nígbà ìdíje àti ẹni tó wà nínú yàrá náà. Kò sí ìdí tí kóòṣì yóò fi pe ọmọbìnrin kan ṣoṣo wá sí yàrá rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ gbà á gbọ́ kí ẹ tó béèrè ìdí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó jí, fún orúnkún tó tẹ̀, fún ojú tó rí shuttle láti òkèèrè.

Olúwa, nígbà tí ọmọ wa bá jáwé olúborí, má jẹ́ kó dúró sí igun ìyìn. Nígbà tí wọ́n bá lù ú, má jẹ́ kó dúró sí igun ìtìjú. Padà gbé e sí àárín.

Baba, a bẹ̀ Ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 60 tí wọ́n ń fún wa láti sinmi nígbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ gba àmì 11. Kọ́ ọmọ wa láti mu omi, láti nu ọwọ́, láti gbọ́ ohun kan ṣoṣo lẹ́nu kóòṣì, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀.

Olúwa, ṣọ́ orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Gbá shuttle tó sùn sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Jèhófà, a fi owó físà, owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà lé Ọ lọ́wọ́. Gbé olùrànlọ́wọ́ dìde fún èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta ọjà ní Ọjà Ọba, kó má baà jẹ́ pé owó ni yóò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn.

Olùṣọ́, wà pẹ̀lú èyí tí kò rí ẹni sọ̀rọ̀ fún. Ṣí ẹnu rẹ̀, fi ẹni tó máa gbọ́ sí tòsí rẹ̀, kí ọwọ́ tó burú má sì kàn án.

Fún èyí tí yóò jí dìde nísinsìnyí, tí yóò di bàtà rẹ̀, tí yóò lọ sí pápá kí oòrùn tó ràn lórí Òkè Ìdànrè: máa bá a lọ, máa bá a bọ̀. Ní orúkọ Jésù, àmín.